Ìyàwó Ẹ̀fẹ̀ àti Itan Àgbò

Kí Àlhájì Abdulhameed tó dákẹ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín tí èèyàn kan lè dá gbé. Bó bá rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìsọlọ̀, àwọn tó ń ra bàtà ní Òṣòdì á wòkè bóyá òjò ló ń bọ̀. Mo ti rí i tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan tí bàlúù tó fẹ́ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàó Estate fi yí padà, tó gba Kùtọnu lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi bàlúù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀rín yẹn dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ajá tó ń sùn lábẹ́ mọ́tò gan-an dìde, ó lọ wá ibòmíràn sùn.

Súbérù lorúkọ mi, àmọ́ Ẹnu-Mẹ́rin làdúgbò ń pè mí. Èmi ni mò ń bójú tó yàrá tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ ilé Àlhájì, níbi tí èèyàn ti ń yà sí ọ̀nà Òkòta. Sátidé, bọ́ọ̀lù. Ọ̀sán Sọ́ńdè, fíìmù. Kì í ṣe fíìmù ìbọn o. Fíìmù ìfẹ́ aláwàdà tí wọ́n ṣe ní Hollywood láyé àtijọ́ ni, èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun lásán, nígbà tí bàbá bàbá mi ṣì ń hu eyín. JSS 2 lèmi ti bá ilé ìwé dágbére, nítorí náà òyìnbó tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, díẹ̀ ni mò ń gbọ́, èyí tó kù, orí mi ni mo fi ń ṣe é. Màá dín ohùn fíìmù náà kù, màá mú máìkì, màá máa fi Yorùbá sí wọn lẹ́nu: ohùn ọkùnrin, ohùn ọmọge, ohùn ìyá ọkọ, ohùn ajá. Ibẹ̀ ni ẹnu mẹ́rin ti wá. Ti ajá ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ẹ lè bi mí pé kí làwọn tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ pariwo ní Òṣòdì ń wá lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ti kú. Torí gbogbo wọn ló ti kú, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọmọge tó ń fi fìlà na ọkùnrin yẹn ti di iyẹ̀pẹ̀, ọkùnrin náà ti di iyẹ̀pẹ̀, ajá ti di iyẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jà, wọ́n ṣì ń fi ojú bú ara wọn, yàrá sì ń kún débi pé àwọn kan ń jókòó lé èjìká ara wọn. Gbogbo wa la mọ ibi tó máa já sí. Ọkùnrin á purọ́ irú ẹni tóun jẹ́, ọmọge á gbọ́, á bínú, òjò á rọ̀, ẹnì kan á sáré, wọ́n á fẹ́ra wọn. Ṣé ẹni tó mọ adùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í tún jókòó tì í lọ́la ni? Ẹnu ni wọ́n fi ń jà á níbẹ̀, ohun tó ń dùn mọ́ wa nìyẹn. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn bí abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan ò sì jáde. Ọmọge á ní rárá. Á tún ní rárá. Àwa á máa rẹ́rìn-ín, torí a mọ̀ pé nínú fíìmù yẹn, ẹnu ọ̀nà "bẹ́ẹ̀ ni" ni "rárá" jẹ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò, a máa lò ó.

Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń bá mi jà nínú yàrá yẹn ni Salimat, ọmọ Ìsíátù tó ń ta bàtà. Bàbá Salimat ti kú kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀. Ọmọ náà kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù bàlúù ní Àjàó Estate, ó sì gbọ́ òyìnbó ju àwọn tó ni ín lọ. Bí mo bá ti la ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ á ti yọ lókè láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n Súbérù, irọ́ ni o. Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi náà á ní kó wá gba máìkì bó bá jẹ́ pé ìyá òyìnbó ló bí i. Àwọn èèyàn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ẹ̀yin méjèèjì ni fíìmù tòótọ́. Wàsílátù ìyàwó mi á gbé ojú sókè, á fi ọmọ wa Ameenat, tí kò tíì mọ ìrìn, lé mi lọ́wọ́ kí gbogbo ayé lè rántí pé ẹnì kan ti fẹ́ mi.

Inú ilé kan náà la ń gbé. Yàrá Ìsíátù àti Salimat kọjú sí tiwa. Àlhájì tó ni ilé ń gbé lókè, òun nìkan. Táyà ló ń tà ní Òṣòdì, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba òkè òkun lọ. Látìgbà tí Salimat ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni Àlhájì ti ń pè é ní "ìyàwó mi". Kí ló burú níbẹ̀? Bàbá àgbà wo ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí kì í pe ọmọdé ní ìyàwó? Ó ń pè é, ọmọ ń dáhùn pé "ọkọ mi, bisikíìtì mi dà?", gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Bí Iléyá bá sì dé lọ́dọọdún, Àlhájì á gé odindi itan àgbò, á gbé e sínú abọ́, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà Ìsíátù, á ní: "Ti àna mi rèé o." Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkọ ìyàwó ló ń gbé itan ẹran Iléyá fún àna. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn. Ẹran náà tún wá dùn jù ú lọ. Ìsíátù á sè é, á bù ú yí gbogbo ilé ká. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti jẹ itan ẹ̀fẹ̀ yẹn débi pé bí mo bá sùn, Wàsílátù ní mo máa ń ké bí àgbò.

Sọ́ńdè tí nǹkan fi bàjẹ́, fíìmù ọ̀gá kan àti akọ̀wé rẹ̀ la ń wò. Ọ̀gá náà ti ń hewú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń fi ọmọge yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun máa fẹ́ ẹ, ọmọge náà sì ń fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ṣí fìlà, ojú rẹ̀ yí padà, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan. Ọmọge dá a lóhùn kúkúrú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jáde. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ebi ń pa mí, máìkì wà lọ́wọ́ mi. Mo ki ohùn ọmọge bọnu.

"Ẹ̀fẹ̀ tí ẹ ti ń bá mi ṣe látọjọ́ yìí, ó ti wọ̀ mí lára, sà. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Yàrá wó fún ẹ̀rín. Salimat na ọwọ́, ó ní irọ́ ni, pé ọmọge náà ní kí bàbá máa lọ sílé ni. Wọ́n tún fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín kan ṣì kù tá à ń retí, ẹ̀rín ńlá tó máa ń mú páànù òrùlé gbọ̀n. Kò wá. Mo yí ẹ̀yìn wò. Àlhájì jókòó sórí àga ike funfun rẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣàn bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga.

"Súbérù," ó ní, "dá a padà. Kí lọmọ yẹn wí?"

Mo dá a padà. Mo tún irọ́ mi pa, torí irọ́ tí wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín, ta ló ń yí i? Ó mi orí díẹ̀. Èmi kọ́ ló wò nígbà tó mi í. Ibi tí Salimat jókòó sí ló wò.

Látọjọ́ yẹn ni kò ti pè é ní ìyàwó mi mọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Ẹni tó ń pe ọmọ ní ìyàwó lójú gbogbo ayé, ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Àlhájì wá ń pè é ní "Salimat", jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ tó bá a níbi tó ti ń pọnmi, á dúró, á ní "Salimat, o ti jí?", á sì dúró síbẹ̀ títí korobá fi kún. Salimat tó máa ń pariwo "ọkọ mi" kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì ó jẹ́ kí omi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò pọnmi láàárọ̀ mọ́.

Ọ̀dà ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n kun yàrá kan lókè, òórùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nínú oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé e, ó tóbi débi pé ojú fèrèsé ni wọ́n fi okùn fà á gbà, gbogbo àdúgbò sì ṣú dùdù fún ìgbà tó fi wà lófuurufú. Adìẹ lọ sùn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó fẹ́ sùn níbẹ̀. Ìsíátù ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan sí i, ó wò mí bí ẹni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, a jí, a bá àgbò kan lẹ́nu ọ̀nà Ìsíátù. Kì í ṣe itan o. Odindi àgbò, láàyè, ìwo rẹ̀ lọ́ bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mú, okùn pupa tuntun lọ́rùn rẹ̀. Ó tóbi débi pé èmi tí oorun ṣì wà lójú mi kúnlẹ̀, mo ní "ẹ káàárọ̀ sà". Mi ò fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Salimat jáde, ó wo àgbò, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wolẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà làwọn àgbà méjì dé láti Ìsẹ́yìn, ìlú Àlhájì. Wọ́n jókòó sí yàrá Ìsíátù. Ìsíátù ní kí ni wọ́n wá tọrọ. Wọ́n ní àwọn ò wá tọrọ, pé ìtọrọ ti parí tipẹ́, ọjọ́ làwọn wá mú. Ó rọra fi ọwọ́ pa ọwọ́, ó ní àwàdà ni gbogbo rẹ̀, pé gbogbo ilé ló mọ̀ pé àwàdà ni. Èyí tó dàgbà nínú wọn, tí ojú rẹ̀ kan ti funfun, kò bínú. Bí ẹni tó ń bi ọmọdé ní orúkọ ló ṣe bi í.

"Ẹran tí ẹ jẹ ńkọ́, Ìyá Salimat? Ṣé ẹ̀fẹ̀ lẹ fi jẹ ẹ́ ni, àbí eyín?"

Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fi ahọ́n kan eyín mi. Kò sí ẹnu kan nínú ilé yẹn tí ẹran náà ò gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n yíjú sí Salimat. Ètè rẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọmọ wo ló máa wo ojú àgbà, kó sọ pé ìyá tó bí òun jẹ ẹran àna, ó sì nu ẹnu nù? Wọ́n ní ìdákẹ́ ọmọge, gbígbà ni. Wọ́n mú Sọ́ńdè tó máa tẹ̀lé Iléyá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àgbò yẹn, torí ọjọ́ náà ni wọ́n máa pa á. Wọ́n gòkè lọ bá Àlhájì, wọn ò sì padà sí Ìsẹ́yìn.

Salimat wá bá mi níbi tí mo ti ń da epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò bú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ bá mi gbà fún un."

Mo ní fíìmù ni. Ó ní òun mọ̀ pé fíìmù ni, ṣé Àlhájì mọ̀? Ó ní ìyá òun ò jẹun mọ́, pé bí òun bá kọ̀, ìyá òun á di ẹlẹ́nu méjì lójú gbogbo Òṣòdì, ilé ẹni tí wọ́n kọ̀ náà sì làwọn ṣì máa sùn sí. Ó wá ní kí n tún gbé fíìmù yẹn sí i lọ́sẹ̀ yìí, kí n sọ ti ọkùnrin, kí n jẹ́ kóun sọ ti ọmọge, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lójú Àlhájì, àfojúdi ni. Bí ọmọge inú fíìmù bá sọ ọ́, ta lèèyàn fẹ́ bá wí?

Ẹ̀fẹ̀ kan ti dé ètè mi. Mo wòkè. Aṣọ tuntun wà lójú fèrèsé yàrá tí wọ́n kùn, ó ń mì, atẹ́gùn kan ò sì fẹ́. Mo gbé ẹ̀fẹ̀ náà mì. Mo ní kó wá.

Sọ́ńdè yẹn, gbogbo Ìsọlọ̀ ló wá. Ọ̀rọ̀ ti tàn. Àwọn kan gun igi, àwọn kan gun àwọn tó gun igi. Àlhájì jókòó sórí àga funfun rẹ̀, àgbà méjèèjì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ bí apá àga. Wàsílátù gbé Ameenat dúró lẹ́nu ọ̀nà. Níta, àgbò ń ké. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti ọkùnrin, ohùn mi ń gbọ̀n, wọ́n rò pé mo fi ń ṣeré ni. Nígbà tí ọ̀gá ṣí fìlà tó sọ̀rọ̀ gígùn rẹ̀ tán, Salimat ti dúró tì mí, ó ti gba máìkì.

"Rárá, sà," ó ní. "Ẹ̀fẹ̀ la jọ ń ṣe, ibẹ̀ náà ló sì mọ. Ẹ máa lọ sílé."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Àyàfi Àlhájì. Kì í sì í ṣe ẹ̀rín ńlá yẹn. Ẹ̀rín kékeré kan ni, tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ àwọn àgbà náà.

"Ẹ ò rí i? Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ ní rárá."

Àwọn àgbà mi orí. Ta ló kọ́ ọ? Sọ́ńdè lórí Sọ́ńdè, ẹnu mẹ́rin ni mo fi kọ́ bàbá yẹn pé kò sí rárá láyé. Salimat lè máa ní rárá títí Iléyá mìíràn á fi dé, Àlhájì á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa dúró de òjò.

Salimat náà gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ, ó sì yé e. Nínú tẹlifíṣàn, ọmọge tó ti di iyẹ̀pẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn, ó ti ń lọ ní tirẹ̀. Salimat ò lọ. Ó dá máìkì padà fún mi, ó gba àárín àga kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú Àlhájì, orúnkún méjèèjì nílẹ̀.

"Bàbá mi," ó ní. Kò pariwo. "Ẹ̀yin lẹ rà mí ní bisikíìtì. Mi ò mọ bàbá mìíràn tó ń gbé ẹran Iléyá fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàdúrà fún mi kí n rí ọkọ tèmi."

Ẹ̀yin náà mọ nǹkan tó ṣe. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ tọrọ àdúrà lọ́wọ́ àgbà lójú èrò, kò sí àgbà tó lè ní òun ò ṣe. Èyí tó bá kọ̀, kì í ṣe àgbà mọ́, ó ti di nǹkan mìíràn tí a kì í dárúkọ. Bó bá sì ṣe é, bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní "ọmọ mi, wàá rí ọkọ rere", báwo ló ṣe máa tún na ọwọ́ pé òun ni ọkọ náà?

Àgbò ké níta, ó dákẹ́. Ìsíátù ló kọ́kọ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gba àdúrà. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́ tirẹ̀. Èmi náà tẹ́ tèmi. Títí dé orí igi, gbogbo wa tẹ́wọ́, a ń dúró de ibi tí a ti máa ṣe àmín. Mo ti rí èrò tó ń lu olè ní Òṣòdì. Kò bà mí lẹ́rù tó àtẹ́lẹwọ́ wọ̀nyẹn. Àlhájì wo àgbà olójú funfun kó lè gbà á sílẹ̀. Bàbá náà wo àtẹ́lẹwọ́ yí ká. Lẹ́yìn náà òun náà tẹ́wọ́.

"Ọlọ́run," ni Àlhájì wí. Ó dúró. "Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere." Ó tún dúró, ó pẹ́. "Ọmọ mi."

Àmín tí a ṣe, rélùwéè tó ń gba Òṣòdì kọjá dúró, ó ṣe tirẹ̀ kó tó máa lọ.

Èmi rò pé ó parí. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ Ìsíátù, mo tilẹ̀ ti ń gbé ohùn ajá kan bọ̀. Àlhájì dìde, ó na agbádá rẹ̀, ó ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níwájú Wàsílátù. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ẹ̀rín ńlá yẹn, èyí tí a ti ń wá látọjọ́ yìí, jáde lẹ́nu rẹ̀ tán pátá, páànù gbọ̀n. Ó fi ìka kan fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ameenat.

"Ìyàwó mi," ó ní.

Ọmọ rẹ́rìn-ín sí i, ó di ìka náà mú. Gbogbo ẹnu tó wà nínú yàrá ló là láti rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe máa ń là. Nǹkan kan ò jáde níbẹ̀.

Mo rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, mo gba ọmọ mi.

"Ameenat lorúkọ rẹ̀, Àlhájì."

Kì í ṣe ohùn ọkùnrin inú fíìmù, kì í ṣe ti ọmọge, kì í ṣe ti ajá. Mi ò mọ̀ pé mo ní ẹnu karùn-ún. Ó wò mí, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Kí Iléyá tó dé, Ìsíátù àti Salimat ti kó ẹrù lọ sí Òkòta. Àgbò náà ò sí lẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́, okùn pupa rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀. Láàárọ̀ Iléyá, Wàsílátù ṣílẹ̀kùn, ó pè mí. Abọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Odindi itan ni, ó ṣì ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì dì.

Mo gbé e. Ó wúwo ju àgbò gan-an lọ. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àlhájì, mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń rẹ́rìn-ín, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ ní rárá.